Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, 2025

Mo jáde kúrò nínú yàrá ìdánwò. Ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Ó ti wà lórí ìwé báyìí. Ìwọ ìwé yìí nìkan ni mo sọ fún.

Ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún, mi ò lè wo ojú wọn. Mo se ìrẹsì, mo gbàgbé iyọ̀. Dádì Adùn jẹ ẹ́ tán, kò sọ nǹkan kan — ìyẹn gan-an tún dẹ́rù bà mí.

Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìdánwò láísẹ́ǹsì rédíò ni, ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ, níbí ní Lanham, ìlú òyìnbó tí a ń gbé. Kì í ṣe rédíò ìròyìn o. Èyí tí ènìyàn fi ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ nígbà tí fóònù bá kú, tí iná bá lọ. Ìjọba ní ẹni tí kò bá yege kò gbọdọ̀ fọhùn lórí ẹ̀. Àwa tí à ń ṣe ìdánwò náà fún wọn, ọ̀fẹ́ la ń ṣe é. Mẹ́ta la gbọ́dọ̀ jẹ́. Ojú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ń kọ ọ́, láti ìgbà tó bá ṣí ìwé títí tó fi máa dá a padà. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ ọmọ mi. Ìyá Olópòó ni olórí wa, Wálé ni ìkejì, èmi ni ìkẹta.

Àwọn méjì péré ló wá kọ ọ́. Bàbá Adékọ́lá láti Kettering, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tó jẹ́ pé iṣẹ́ títẹ wáyà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ṣe nígbà ọ̀dọ́. Àti Mọ̀nsúrát, nọ́ọ̀sì, tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá tààrà, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

Bàbá parí láàárín ogún ìṣẹ́jú. A gbé páálí oníhò tó ń fi ìdáhùn tó tọ́ hàn lé ìwé wọn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́kọ̀ọ̀kan. 33 nínú 35. Wọ́n rọra sọ sí mi létí: “Àwọn méjì tó kù yẹn, ẹni tó kọ ìbéèrè ló ṣì í.” Wálé fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ni bàbá bá dìde. Ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, báàgì lọ́wọ́ òsì. Àtẹ̀gùn onípele mọ́kànlá níwájú. Òjò níta. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀yọ́, kí n jókòó kí n máa wo àgbàlagbà kó máa fi ọ̀pá wá ọ̀nà? Mo gba báàgì lọ́wọ́ wọn. Mo sìn wọ́n. Mi ò tiẹ̀ rò ó. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi.

Mo ní kí n dé ẹnu ọ̀nà kí n padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo dé ìdí mọ́tò. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

“Bí o ṣe sìn mí yìí, àwọn ọmọ ẹ á sìn ọ́.” Àmín. “O ò ní fi ẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ síbi àṣìṣe.” Àmín. “Ìwé tí o fọwọ́ sí lónìí kò ní di ẹjọ́ sí ọ lọ́rùn.” Àmín, àmín, sà. Ta ló ń já àdúrà àgbà sí méjì? Omi òjò ń kán sí mi lẹ́yìn ọrùn, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ń ṣe àmín.

Nígbà tí mo padà wọlé, Mọ̀nsúrát ṣì tẹrí ba lórí ìwé. Ìyá Olópòó ń kọ ìwé-ẹ̀rí bàbá níwájú, wọ́n rò pé mo wà lórí àga mi lẹ́yìn, nídìí ilẹ̀kùn. Wálé wò mí. Ó gbé ojú kúrò.

Mọ̀nsúrát dá a padà. Ìyá Olópòó gbé páálí lé e: 26. Èmi: 26. Wálé: 26. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyege, ẹyọ kan kò lé e. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá ló kọ́kọ́ kọ ọ́, ebi àti oorun, 22. Lónìí ó dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká.

Ìwé tí à ń fọwọ́ sí sọ pé àwa mẹ́ta wà níbẹ̀, a sì ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ka gbólóhùn yẹn. Mo tún un kà.

Mo fọwọ́ sí i.

Àìkú, ọjọ́ 6

Ìyá Olópòó kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ wọn obìnrin bímọ ní Richmond, wọ́n ń lọ gbé ọmọ-ọmọ, wọn ò ní dé títí di Ẹtì. Wọ́n na àpò ìwé sí mi. Gbogbo ìwé ìdánwò àná wà nínú ẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. “Bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fún wa láṣẹ láàárọ̀ ọ̀la. Ọjọ́ mẹ́wàá lòfin fún wa, ṣùgbọ́n mi ò lò ju méjì lọ rí.” Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti wà nínú mọ́tò, wọ́n ń juwọ́ sí Adùn.

Ó wà lórí fíríìjì. Mo ń wò ó bí ẹni pé ó máa sọ̀ kalẹ̀ kó sọ̀rọ̀.

Anna lorúkọ wọn. Èmi ni mo sọ wọ́n ní Ìyá Olópòó, nítorí òpó onírin rédíò tó wà lẹ́yìn ilé wọn, tó ga ju igi lọ. Nígbà tí a kó dé àdúgbò yìí, ẹ̀rù òpó yẹn ń bà mí. Mo ní mànàmáná á gbabẹ̀ wọ ilé wa. Mo sọ fún Dádì Adùn pé ká wá ibòmíràn lọ. Kí ni kì í bà mí lẹ́rù?

Wàyí o, ìjì ọdún 2023. Iná lọ. Fóònù kú. Igi wó dí ẹnu ọ̀nà àdúgbò. Gìrì gbé Adùn, ọmọ ọdún méjì. Dádì ẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Mo gbé e jáde sínú òjò, mo ń ké ní Yorùbá, gbogbo òyìnbó tí mo mọ̀ ti fò lọ. Obìnrin arúgbó kan jáde sí mi pẹ̀lú rédíò kékeré, kò ju ìgò omi lọ. Wọn ò gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pe lẹ́tà ìdánimọ̀ wọn, èyí tí ìjọba ń fún ẹni tó bá yege, wọ́n sọ ibi tí a wà, wọ́n sọ pé ọ̀nà iwájú ti dí, kí ọkọ̀ aláìsàn gba ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan dáhùn láti ibi jíjìn. Ọkọ̀ gba ẹ̀yìn dé.

Mo ń wo ẹnu wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní nínú mi: ohun tí obìnrin yìí mọ̀, mo máa mọ̀ ọ́n.

Èmi tí mo gba F9 nínú Fíísíìsì. Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mi lórí tábìlì ìdáná wọn, Adùn ń sùn lórí àga wọn. Bí mo bá ní “mi ò lè ṣe é,” wọ́n á ní, “O ò tíì lè ṣe é,” wọ́n á tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Mo yege ìpele kìíní, mo yege ìkejì. Nígbà tí ìwé àṣẹ dé pé èmi náà lè jókòó ṣe ìdánwò fún ẹlòmíràn, mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi nílé. Màámi ní, “Ṣé wọ́n ti sọ ẹ́ di tíṣà ni?” Mo ní ó fara jọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Olópòó yìí ni mo fẹ́ sọ fún pé mo jáde.

Ajé, ọjọ́ 7

Mi ò dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ní òjò ń rọ̀. Òjò kò rọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8

Mọ̀nsúrát fi ohùn ránṣẹ́, èrín ń yọ nínú ẹ̀: “Ìyá Adùn, ṣé lẹ́tà ìdánimọ̀ mi ti jáde? Mo ti ń wò ó lórí fóònù látàárọ̀ bí ẹni ń wo èsì wáẹ̀kì.”

Mo pè é. Ó wá sọ ìdí tó fi ń kánjú, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn wọn fẹ́ yan ẹnì kan ní àjà kọ̀ọ̀kan tó máa di rédíò mú bí fóònù bá kú. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ẹni náà á kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́, ojúmọmọ nìkan ni yóò máa ṣe. Ọjọ́ 30 oṣù yìí ni wọ́n máa dá gbígba orúkọ dúró.

Òun àti ọmọ ẹ̀ nìkan ló wà ní Seat Pleasant. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Alẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ilé aládùúgbò lọmọ náà ń sùn. “Ó ti ń pe obìnrin náà ní Mọ́mì o. Ó ń pe èmi ní Mọ̀nsúrát.” Ó fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in.

Ó tún bi mí pé ìgbà wo ló máa jáde. Mo ní, “Ó máa tó jáde.”

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un nìyẹn. Irọ́ kì í sì í dá gbé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 9

Wálé yà lọ́nà ilé ìwé. Ọmọ ọdún méjìlélógún, ibí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹ̀ dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Kò mọ “ẹ,” kò mọ “o.” Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú Adùn, ó ń tò búlọ́ọ̀kù. Láìgbé ojú sókè, ó ní, “Àǹtí, mo rí ẹ nígbà tí o jáde.”

Mo bá wọn jókòó sílẹ̀.

Ó ní òun rò pé mo ń lọ sí ẹnu ọ̀nà lásán. Nígbà tí ìṣẹ́jú kìíní kọjá, ojú ti òun láti sọ̀rọ̀. “Àmọ́ Mọ̀nsúrát kò jí ìdáhùn wò. Èmi wà níbẹ̀. Miss Anna wà níbẹ̀. Ojú mẹ́rin kò tó?”

Mo ní, “Mẹ́fà lòfin ní.”

“Tó o bá sọ ọ́, ta ló jèrè?”

Ọmọ náà kò burú. Àánú Mọ̀nsúrát ló ń ṣe é ju òfin lọ. Èmi náà ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí àpò ìwé fi wà lórí fíríìjì — tàbí kí n sọ òótọ́ fún ìwọ ìwé: àánú ara mi ni. Mo fẹ́ràn àga yẹn. Àga ẹ̀yìn, nídìí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń jókòó tí ẹ̀rù kankan kì í bà mí. Níbi iṣẹ́ mi, èmi ni mò ń gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń pè mí ní “the girl,” ọmọbìnrin yẹn. Níbẹ̀, mo máa ń ní, “Ẹ kú oríire, ẹ ti yege,” ènìyàn á sì sunkún.

Bí Wálé ti ń lọ, ó ní, “Èmi náà fọwọ́ sí i, Àǹtí.”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10

Adùn gun àga. Ó mú àpò ìwé, ó fi kírẹ́yọ̀nù ya oòrùn ńlá sí ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní ti Ìyá Olópòó ni. Mo gbá a lọ́wọ́. Mi ò gbá a lórí kírẹ́yọ̀nù rí.

Nígbà tó sùn ọ̀sán, mo jókòó tì í, mo bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe oòrùn ló dùn mí.

Ẹtì, ọjọ́ 11

Mo ti sọ ọ́.

Mọ́tò wọn kò tíì tutù tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìwé. Wọ́n rí i. Wọ́n rí oòrùn. Wọ́n rí ojú mi. Wọ́n ní, “Wọlé.”

Mo dúró ni, mi ò jókòó. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: bàbá, báàgì, òjò, ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọwọ́ tí mo fi sí ìwé, ọjọ́ márùn-ún tí mo fi gbé e pamọ́. Wọ́n bọ́ awò ojú. Wọ́n bi mí léèrè méjì péré. “Ta ló ṣẹ́ kù tó ń kọ ọ́?” Mo ní Mọ̀nsúrát nìkan. “Ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí ni ọkùnrin yẹn ń bá ọ sọ?”

Mo ní, “Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, mà.”

“O ò lè sọ fún un pé ‘mò ń bọ̀’?”

“Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Àdúrà ni.”

Wọ́n wò mí. Ètè wọn ń gbọ̀n. Lójijì ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ṣí àpò náà, wọ́n fa ìwé tí a fọwọ́ sí jáde. Wọ́n ní kí n ka orúkọ tó wà lókè. Mo kà á: tiwọn. “Èmi ni olórí. Iṣẹ́ mi ni kí n ka orí ènìyàn. Ìwé ni mo ń kọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ka ènìyàn. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣì í, ìwọ lo tẹ̀ lé mi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní kí n dákẹ́, wọn kò ní kí n bá àwọn pín in.

Wọ́n wá sọ ìtàn kan tí wọn ò sọ fún mi rí. Seat Pleasant ni wọ́n ti dàgbà. Bàbá wọn ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Nígbà náà, ọ́fíìsì ìjọba nínú ìgboro ni wọ́n ti ń kọ ìdánwò rédíò. Wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bọ́ọ̀sì bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n débẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Òyìnbó tó ń ṣe ìdánwò ti dé fìlà, ó ti gbé kọ́ọ̀tù kọ́ apá. Ó wo ọmọbìnrin dúdú tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó. Títí wọ́n fi parí, wákàtí kan gbáko, kò dìde lórí àga yẹn.

“Kò bá mi rẹ́rìn-ín o. Kò tilẹ̀ fún mi lómi. Ó jókòó ni. Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìjókòó yẹn gan-an niṣẹ́ náà.”

Ìyá Olópòó ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń jókòó fún ènìyàn ní Sátidé. Bí ènìyàn kan ṣoṣo ló bá wá, wọ́n á ka ìlànà sókè ketekete bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀. Bí ó bá yege, wọ́n á dìde dúró kí wọ́n tó kí i. Bí ó bá kùnà, wọ́n á dìde bákan náà.

Wọ́n ní àwọn á kọ̀wé sí àwọn tó fún wa láṣẹ. “Ti Mọ̀nsúrát, ìwọ lo máa sọ ọ́ fún un. Má lo fóònù.”

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn wọn, aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Mọ̀nsúrát ń bọ̀, ó rí mi, ojú ẹ̀ tàn: “Ó ti jáde!” Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wá.

Mo sọ ọ́.

Ó gbé báàgì ẹ̀ lé orí mọ́tò. Lẹ́yìn náà: “Ẹ̀yin lẹ jáde, èmi ni wọ́n máa dá padà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ẹ sin bàbá.” Mo ní mo sìn wọ́n. “Ẹ sin bàbá! Ìyá Adùn, ìwà rere yín á pa ènìyàn lọ́jọ́ kan.” Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. “Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn, ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti rí i? Nínú ilé ìyàgbẹ́ ibi iṣẹ́ ni mo ti ń kàwé. Nínú mọ́tò yìí. Mo ti lò ó tán. Kò sí òmíràn nínú mi.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà, ó ní kí n má dán an wò, pé àwọn èèyàn òun ń wo òun.

Mo ní mo lè máa bá a kàwé. Ó wọ mọ́tò. Ó ṣí fèrèsé mọ́tò kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ẹ padà sílé. Bóyá àgbàlagbà kan wà lọ́nà tí ẹ máa sìn.”

Mo padà sílé. Ó jàre.

Ajé, ọjọ́ 14

Ìwé ti lọ, ọjọ́ kẹsàn-án. Ìyá Olópòó ló kọ lẹ́tà tó bá a rìn. Ìlà àkọ́kọ́: “Èmi, olórí, kùnà láti ka àwọn tó wà nínú yàrá.” Tèmi tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́, Wálé wọlé, kò sẹ́ni tó pè é. Ó ní kí wọ́n fún òun ní kálámù. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: “Mo rí i, mo sì dákẹ́.”

Ìyá Olópòó ní kó wẹ ọwọ́, kó wá jẹun. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Àpò ìwé tuntun ni wọ́n lò. Èyí tó ní oòrùn ti wà lára ògiri wọn, lókè rédíò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 16

Èsì dé lórí kọ̀ǹpútà. Ti Bàbá Adékọ́lá dúró, nítorí àwa mẹ́ta wà níbẹ̀ títí wọ́n fi parí. Ti Mọ̀nsúrát kò dúró, ó gbọ́dọ̀ tún un kọ. Àwa mẹ́ta lè máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ orúkọ wa sílẹ̀. Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ó parí.

Ìyá Olópòó ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún Àbámẹ́ta ọjọ́ 26, aago mẹ́wàá. Nítorí ènìyàn kan ṣoṣo. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Èmi náà fi ránṣẹ́.

Ó kà á. Mo rí i pé ó kà á.

Àìkú, ọjọ́ 20

Àjíǹde. Mo pe Mọ̀nsúrát lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbé e.

Ajé, ọjọ́ 21

Bàbá Adékọ́lá pè. Lẹ́tà ìdánimọ̀ wọn ti jáde, wọ́n kà á sókè fún mi bí ẹni tó ń ki oríkì ara ẹ̀. Mo ní ẹ kú oríire, sà. Ohùn wọn yí padà. Wálé ti sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. “Mo gbọ́ pé àdúrà mi ló kó ọ sí wàhálà.”

Mo ní rárá o, sà.

“Má purọ́ fún mi. Fún mi ní nọ́ńbà ọmọbìnrin náà. Kí n bá a sọ̀rọ̀. N óò bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Èmi arúgbó yìí, kò lè kọ̀ fún mi.”

Ìwọ ìwé, mo fẹ́ kí wọ́n pè é. Má jẹ́ kí n tàn ọ́. Ó yá mi lára. Nọ́ńbà náà ti wà lẹ́nu mi. Wọ́n á pè é, á ní “ẹ̀yin ni, sà,” á ní ó ti tán, á wá ní Sátidé. Ìṣẹ́ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ, ìpè kan á parí ẹ̀.

Wọ́n ti ń bá a lọ, wọ́n ti dé orí bí a ṣe ń parí ìjà nílé, bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe é. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Wọ́n ń bá a lọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Ẹ má pè é. Ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín, kò lè kọ̀ fún yín. Ẹnu ẹ̀ á ní ó ti tán, inú ẹ̀ ò sì ní tíì tán. Mo fẹ́ kó lè kọ̀.”

Mi ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà rí láyé mi.

Bàbá bá rẹ́rìn-ín kékeré, láti inú. “Ohun tó yẹ kó o ṣe lọ́jọ́ òjò yẹn nìyẹn.”

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Mọ̀nsúrát kò tíì fọhùn. Mo lọ bá Ìyá Olópòó láàárọ̀, mo ní bóyá èmi ni kò fẹ́ rí. Bóyá tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló jókòó lórí àga ẹ̀yìn yẹn, á wá. Wọ́n ń nu rédíò wọn. Wọn ò sọ pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò tù mí nínú. Wọ́n ní Moshood kan wà ní Upper Marlboro, ó ní àṣẹ, ó lè wá. “Àga yẹn, ìwọ lo ni í. Ìwọ lo lè fi sílẹ̀.”

Mo rò ó bí Adùn ṣe ń jẹ ọ̀sán. Mo wá mú fóònù. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Kò sí àdúrà nínú ẹ̀, kò sí òwe. Mo ti fi ránṣẹ́ báyìí, aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀dà ẹ̀ nìyí, kí n má baà sọ lọ́la pé mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ:

“Mọ̀nsúrát, Ìyá Adùn ni. Ìdánwò rẹ ṣì wà ní Sátidé, aago mẹ́wàá, yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ nìkan. Bí o bá yege, wọ́n á fún ọ ní ìwé-ẹ̀rí lójú ẹsẹ̀, èyí tí o lè fi han ilé ìwòsàn yín kí ọjọ́ 30 tó pé. Gba ìsinmi lóru Fúráìdé bí o bá lè rí i gbà, má ti ibi iṣẹ́ wá. Mú ọmọ ẹ wá sílé wa kí o tó lọ, Dádì Adùn wà nílé, Adùn á bá a ṣeré. Miss Anna àti Wálé máa wà níbẹ̀. Ẹnì kẹta lè jẹ́ èmi, ó sì lè jẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Moshood. Bí o kò bá fẹ́ rí mi nínú yàrá yẹn, sọ ọ́. Mi ò ní bínú, mi ò sì ní ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ọ́. Bí o bá gbà kí n wà níbẹ̀, n óò jókòó. Bí ọba bá wọlé, mi ò ní dìde. Èyí tí o bá fẹ́ nínú méjèèjì, jẹ́ kí n mọ̀. Jọ̀ọ́, tètè dá mi lóhùn.”